Fàsásì Tó Fi Etí Lé Ilẹ̀

Ọjọ́ tí Fàsásì Akínlóyè dùbúlẹ̀ níwájú katakata ni Aradagun fi ń rántí rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ náà. Kò mú igi, kò mú òkúta. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dùbúlẹ̀, ó sì fi etí ọ̀tún lé ilẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn tó ń fẹ títì Seme lójú ló gbé katakata náà wá. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì síbi tí ọ̀nà máa gbà. Kò kan ilé Fàsásì. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló kàn, torí pé ẹ̀yìn ni ilé náà kọ sí títì. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n sin Tọ̀yìbátù ìyàwó rẹ̀ sí. Wọ́n ti bẹ Fàsásì pé kí ó jẹ́ kí àwọn gbé òkú náà lọ síbòmíràn, àwọn á ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àfáà àdúgbò sọ fún un pé ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn tán. Ó ní nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó tíì béèrè lọ́wọ́ Tọ̀yìbátù.

Oyèlékè ló ń wa katakata náà, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó níwà pẹ̀lẹ́. Ó rò pé àgbàlagbà náà ti dákú. Ó fò sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

Fàsásì gbé ìka kan sókè. "Pa ẹ̀rọ yẹn. Mi ò gbọ́ràn."

Oyèlékè gun katakata padà, ó pa á, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń gbọ́, Bàbá?"

"Ìyàwó mi."

"Níbo ni Màmá wà?"

"Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn."

Oyèlékè fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná.

Zinsu ń kọjá lọ. Ègùn ni Zinsu, òun ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí Topo. Ó gbé jálá epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí Fàsásì nílẹ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé jálá sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi etí lé ilẹ̀. Wọ́n bi í lẹ́yìn náà ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí àgbà bá dùbúlẹ̀, òun ò lè dúró lé e lórí bí igi àgbọn.

Ó wá ku Oyèlékè nìkan lórí ìdúró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, òun náà dùbúlẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá wọn fi máa dé láti apá Seme, ó bá katakata tó dákẹ́ àti ọkùnrin mẹ́ta tó nà gbalaja níwájú rẹ̀. Ó béèrè ta ló pa wọ́n.

Ohun tí Tọ̀yìbátù sọ lọ́jọ́ náà ń bọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n Fàsásì kò dédé mọ etí fífi lélẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló kọ́ ọ, ẹ̀rọ náà sì wà ní Máàsì, lójú ọ̀run lọ́hùn-ún.

Kí ọ̀rọ̀ Máàsì tó dé, ilẹ̀ ni Fàsásì ti ń bá ṣe. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí àwọn onílẹ̀ mìíràn bá rí ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Fàsásì kì í gba nǹkan kan. Ohun tí òun ń fẹ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Kí ó da omi díẹ̀ sílẹ̀, kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, kí ó sọ ohun tó bá wá. Lẹ́yìn náà kí ó dákẹ́ díẹ̀, bóyá ilẹ̀ ní ohun tó fẹ́ sọ. Bí ilẹ̀ kò bá sọ nǹkan, ó ti gbà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní Aradagun tí bàbá rẹ̀ kọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Fàsásì ní ẹ̀bi àwọn bàbá yẹn nìyẹn.

Nígbà tí Gbọ́láhàn ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Fàsásì, ó fẹ́ gbẹ́ sálángá kó tó kọ́ ilé. Gbọ́láhàn ni ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní ibodè Seme, ará Ìjẹ̀bú ni, ẹnu rẹ̀ dùn. Fàsásì bá a níbi tó ti gbé dígà sókè, ó ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bu omi wá fún un. Gbọ́láhàn da omi sílẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní ọmọ Adégbóyèga ni òun. Ó wá dákẹ́.

"Kí lo wá ṣe?" Fàsásì ló bi í.

Gbọ́láhàn fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ sọ pé sálángá ni.

"Sọ ọ́ sókè. Òun ló máa gbà á, kì í ṣe èmi."

Ajá Gbọ́láhàn náà gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ri egungun mọ́ ẹ̀bá ògiri Fàsásì. Gbogbo ènìyàn ń dúró kí Fàsásì bínú. Ó wo ajá náà títí. Ó ní ajá kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, òun dárí jì í.

Àfáà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kíkí yìí. Ó pe Fàsásì sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sọ fún un pé kò yẹ kí Mùsùlùmí máa kí ilẹ̀. Fàsásì fi ọ̀wọ̀ tẹ́tí sí i. Ó ní, "Àfáà, iwájú orí yín lẹ fi ń kàn án lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Èmi, ẹnu lásán ni." Àfáà rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ó fi ọwọ́ bo irùngbọ̀n.

Tọ̀yìbátù nìkan ló ń borí Fàsásì. Òróró àgbọn ló ń fún, ohùn rẹ̀ sì le. Wọ́n ní bó bá bá ènìyàn wí ní Aradagun, ẹni tó ṣẹ̀ ní Topo á ti máa tọrọ àforíjì. Bí Fàsásì bá ṣe ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó máa sọ ọ́ bí wọ́n bá ń jẹun, á sọ ọ́ bí ó bá ń fọ ìkòkò, á sọ ọ́ lójú oorun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Láti ìgbà náà ni ilé ti dákẹ́ débi pé Fàsásì lè gbọ́ bí èkúté bá mí. Ó fi yàrá àti pálọ̀ kan háyà fún tíṣà kan nítorí àtigbọ́ ohùn ènìyàn. Ohun tó sọ ni pé òrùlé ń fẹ́ àtúnṣe.

Tóyìn ni tíṣà náà, obìnrin ni. Láti Èkìtì ló ti wá, ó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá títì. Ojú ọ̀run ló fẹ́ràn. Lọ́dún 2018, àwọn ará Amẹ́ríkà rán ẹ̀rọ kan lọ sí Máàsì. Ẹ̀rọ náà kò ní táyà, kò ní lè rìn. Ibi tó bá sọ̀kalẹ̀ sí náà ni yóò wà títí ayé. Tóyìn ń fi fóònù tẹ̀lé e lójoojúmọ́ bí ẹni tí àbúrò rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Gbọ́láhàn máa ń wá bá a níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Zinsu náà máa ń wá, bó bá ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á jókòó sí fàráǹdà, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fàsásì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ojú fèrèsé. Tóyìn ń sọ pé ẹ̀rọ náà yóò gbẹ́ ilẹ̀ bó bá débẹ̀. Fàsásì jáde síta láìwọ bàtà.

"Ta ló fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀?"

"Máàsì ni, Bàbá. Kì í ṣe ìhín."

"Ìdílé wo ló ni ibẹ̀?"

Tóyìn fà á dé àárín àgbàlá, ó na ọwọ́ sí ìràwọ̀ pupa kan lókè orí àwọn igi àgbọn. Ó ní ibẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí igi, kò sí ẹran. Fàsásì wò ó títí.

"Ṣé ó ní ilẹ̀?"

"Ó ní ilẹ̀, Bàbá."

"Ó ní onílẹ̀ nìyẹn," ni Fàsásì wí, ó fa àga, ó jókòó. Kò dìde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà mọ́ títí ó fi kú.

Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí ẹ̀rọ wọn kí ilẹ̀. Tóyìn kọ ọ́ sórí ìkànnì wọn, torí pé kò lè purọ́ fún onílé rẹ̀. Ẹnì kan níbẹ̀ fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn. Fàsásì wo àtàǹpàkò náà, ó béèrè bóyá omi wà nínú ẹrù ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní rárá. Ó mi orí. Ó ní àwọn ènìyàn yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọn kò ní àgbà nílé.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá kí ilẹ̀ náà fún wọn. Ó bu omi sí kọ́ọ̀pù, ó dúró sí àgbàlá, ó kọjú sókè. Ó béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà. Tóyìn sọ orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún un. Kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní Àlejò ni òun á pè é. Ó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Tóyìn ní àwọn tó ṣe é pọ̀ gan-an, láti ìlú oríṣiríṣi.

"Ọmọ tí bàbá rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀," ni Gbọ́láhàn wí, "ìyá rẹ̀ ni ká lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Fàsásì kò dá a lóhùn. Ó béèrè ohun tí Àlejò wá ṣe. Tóyìn ní iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ ni pé yóò tẹ́tí sí ilẹ̀, bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì. Gbígbẹ́ di ìgbà tó bá yá.

"Ká sọ ti àkọ́kọ́ ná," ni Fàsásì wí. "A kì í kó gbogbo ẹrù wọ ilé àna lọ́jọ́ kan." Ó da omi sílẹ̀. Ó ní, "Àlejò ni. Bàbá rẹ̀ pọ̀. Ó wá tẹ́tí." Wọ́n dákẹ́ gbogbo wọn. Zinsu ní, "É yọ́n," ìyẹn ni pé ó dára lédè Ègùn.

Ọjọ́ tí Àlejò máa balẹ̀, lẹ́yìn ìrun ìṣáà ni. Wọ́n gbé fóònù Tóyìn lé orí àpótí, wọ́n yí i ká. Tóyìn ṣàlàyé fún wọn pé Máàsì jìn, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti balẹ̀ tán, tàbí ó ti fọ́ tán.

Fàsásì gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Ṣé pé ohun tó ti parí la ṣì ń bẹ̀rù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí Tọ̀yìbátù kú nílé ìwòsàn, òun ti tẹ́ ẹní ìrun nílé, òun ń bẹ Ọlọ́run fún un. Àdúrà náà gùn. Ó dùn mọ́ òun lẹ́nu. Tọ̀yìbátù ti kú kí òun tó ki orí bọ àdúrà náà rárá.

Ẹ̀pà wà nílẹ̀, wọn kò jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó inú fóònù fò sókè tí wọ́n dì mọ́ra wọn, Tóyìn bú sẹ́kún. Fàsásì dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. Ó kọjú sókè, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o."

Àwòrán àkọ́kọ́ dé. Ojú kámẹ́rà ṣì wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀, eruku sì ta kún un. Tóyìn ní yóò mọ́ bó bá yá. Gbọ́láhàn gba fóònù, ó wò ó dáadáa. Ó ní ojú gíláàsì gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Kútọnu dé lásìkò ọyẹ́ ló rí báyìí, ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kí òun mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà Seme ni pé kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀ tó ní kí ó ṣí búùtù.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Tóyìn bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, Fàsásì á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní béèrè bó ṣe sùn. Á ní, "Àlejò ńkọ́?" Tóyìn á sọ fún un. Ó ti na sólà rẹ̀ méjèèjì. Ó ti na apá rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀ iwájú rẹ̀ láti mọ ibi tí kò ní òkúta. Fàsásì á mi orí. Ó ní ara Àlejò balẹ̀, kò gbé ọ̀bẹ jáde nínú àpò ní ọjọ́ tó dé.

Ọjọ́ kan, Tóyìn fi ohùn atẹ́gùn Máàsì hàn wọ́n, èyí tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Ohùn jíjìn ni, ó ń kùn wúùù, bí ẹni pé òkun ń bẹ lẹ́yìn òkè. Zinsu ní òun kò ní gbé ọkọ̀ jáde sínú atẹ́gùn yìí. Tóyìn ní omi kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Zinsu ní ìdí mìíràn nìyẹn.

Fàsásì ní kí wọ́n tún un fi. Wọ́n tún un fi. Ó wá yá fóònù náà lọ́wọ́ Tóyìn. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rí i láti fàráǹdà, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Tọ̀yìbátù, ó fi fóònù lé orí ilẹ̀, atẹ́gùn Máàsì ń fẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dá fóònù padà, yanrìn wà lára rẹ̀. Ó ní Tọ̀yìbátù fẹ́ràn ìròyìn ibi tó jìn. Gbọ́láhàn ní in lọ́kàn láti ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu dípò rẹ̀.

Kí ọdún tó parí, Àlejò fi apá rẹ̀ gbé etí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ohun roboto kan tó dà bí ìkòkò kékeré, ó gbé e lé ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe nǹkan kan. Ó ń gbọ́. Tóyìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ló lè fi gbọ́ láìgbọ́ nǹkan kan, wọn kò sì ní sọ pé ó kùnà. Fàsásì ní kí ó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ó tún un sọ. Fàsásì ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun ti ń sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló ní sùúrù.

Nínú ọyẹ́ yẹn náà ni wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Nínú ọyẹ́ yẹn náà ni katakata dé.

Wàyí o, ọ̀gá Oyèlékè dúró lé ọkùnrin mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lórí. Tóyìn ti sáré dé láti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ọ̀gá náà bínú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí, torí pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà wà nínú wọn. Ó bi Tóyìn pé kí ni bàbá yìí ń ṣe. Tóyìn ní ó ń tẹ́tí. Ọ̀gá ní títí di ìgbà wo. Tóyìn wo ojú rẹ̀. Ó ní èyí tó wà ní Máàsì ti lo oṣù kan.

Ọ̀gá náà lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Oòrùn yí. Ẹ̀gbẹ́ ń ro Zinsu, ṣùgbọ́n kò yíra padà. Oyèlékè ti sùn lọ. Nígbà tó yá, Fàsásì fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Yanrìn lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀.

"Ó ní ká lọ," ló sọ fún wọn.

Inú gbogbo wọn dùn. Ọ̀gá náà gbá a lọ́wọ́ mú. Ìròyìn náà tàn dé Badagry, pé Fàsásì bá òkú sọ̀rọ̀, òkú sì dá a lóhùn. Àwọn kan gbé àkàrà àti àdúrà wá, wọ́n fẹ́ kí ó bá àwọn béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọn. Ó jẹ àkàrà. Ó ní òun kì í gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

Tóyìn ló bi í lẹ́yìn ìgbà tí ilé ti dá. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ gbọ́ gan-an?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ wá ní ó ní ká lọ."

Fàsásì wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Tóyìn, ọdún tí mo fi gbé pẹ̀lú obìnrin yẹn kì í ṣe kékeré. Kì í dákẹ́ bí kò bá gbà."

Wọ́n gbé Tọ̀yìbátù lọ sí orí ilẹ̀ gíga kan lápá ọ̀sà, ilẹ̀ bàbá Fàsásì ni. Àfáà ṣe àdúrà. Lẹ́yìn náà, Àfáà yíjú sí apá omi, ó ní òun ń wo àwọn ẹyẹ. Fàsásì da omi sílẹ̀. Ó sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó sọ orúkọ bàbá obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Ó wá sọ̀rọ̀." Ó dúró díẹ̀, ó fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á." Gbọ́láhàn rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ́ wá dé. Lóṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ìròyìn jáde pé ohun tí Àlejò fẹ́ fi gbẹ́ ilẹ̀ kò wọlé. Ó ń kan ilẹ̀, kò lọ. Nígbà tí Tóyìn sọ ọ́, Fàsásì kó ọwọ́ lérí.

"Èmi ni."

"Kí lẹ ṣe, Bàbá?"

"Mo sọ pé ó wá tẹ́tí. Mi ò sọ pé ó máa gbẹ́. Mo ní tó bá yá, mo wá gbàgbé."

Kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé kọ́ọ̀pù omi jáde ní ìrọ̀lẹ́, ó wá ìràwọ̀ pupa náà, ó tọrọ gáfárà, ó sọ ti gbígbẹ́. Ẹ̀rọ náà kò tún wọlé. Tóyìn ní kí ó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ ni pé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kò dì í mú, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn," ni Fàsásì wí. "Ta ló ń di ẹni tí kò mọ̀ mú?"

Kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀fẹ̀ rí. Gbogbo ìyókù ayé rẹ̀, bí ènìyàn bá bi í léèrè ohun tó dùn ún jù tó ti ṣe, á sọ pé òun ti bá àwọn ará Amẹ́ríkà ba iṣẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n etí Àlejò gbọ́ nǹkan. Ilẹ̀ Máàsì mì, ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí Tóyìn sọ fún Fàsásì, ó rìn lọ sí ilẹ̀ gíga lápá ọ̀sà láti lọ sọ fún Tọ̀yìbátù. Ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi etí lélẹ̀. Bí Zinsu bá ń ti Topo bọ̀, ó máa ń rí i láti ojú omi. Ó máa ń dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù títí yóò fi kọjá.

Eruku ló pa Àlejò. Ọdún dé, ọdún lọ, eruku ń bọ̀ sórí sólà rẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín. Nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ, wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n tún pè é, kò dáhùn. Tóyìn kò mọ bí òun á ṣe sọ fún Fàsásì, torí pé àárẹ̀ ti mú un, agbára rẹ̀ kò ju orí àga lọ. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ọ́.

Fàsásì gbé ojú sókè. Ó ní, "Àbí kò sẹ́ni tó lè bá a gbọn eruku nù?"

"Kò sí, Bàbá. Ó jìn."

"Ìyẹn burú." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn."

Òun náà dákẹ́ nínú ọyẹ́ yẹn, ní òwúrọ̀. Tóyìn ṣílẹ̀kùn, kò rí ẹni tó béèrè Àlejò lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ gíga lápá ọ̀sà. Zinsu àti Gbọ́láhàn ló mú ṣọ́bìrì àti dígà. Oyèlékè wá láti ibi tí wọ́n gbé iṣẹ́ katakata lọ, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe gbọ́. Tóyìn dúró lẹ́yìn, torí pé obìnrin kì í sábà dé ibẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Gbọ́láhàn ti gbé dígà sókè nígbà tí Tóyìn sọ pé, "Ẹ dúró."

Ó gbé kọ́ọ̀pù omi kan lọ́wọ́. Gbogbo wọn wo Àfáà. Àfáà wo ọ̀sà, ó ní ẹyẹ pọ̀ lónìí.

Tóyìn da omi sílẹ̀. Ó ní, "Fàsásì ni, ọmọ Akínlóyè." Ó wá dúró, torí pé kò mọ èyí tó kù. Fàsásì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ilẹ̀ rí.

"Ká ní ó wá sinmi," ni Gbọ́láhàn wí.

Zinsu mi orí. "Mẹho kò sinmi rí." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè é, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe àgbà.

Tóyìn wo sàréè Tọ̀yìbátù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Koríko ti bò ó, àyàfi ẹ̀gbẹ́ kan tí ara ènìyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ púpọ̀.

"Ó wá tẹ́tí," ló wí.

Wọ́n dákẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti apá omi. Wọ́n dúró pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún un. Ilẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Zinsu gbé ṣọ́bìrì.